Orúnkún Ìyá Àgbà Níwájú Lẹ́tà Ńlá

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá tó bí ìyá mi ní Ifọ̀, gbogbo ẹni tó gba máìkì ló sọ pé obìnrin àdúrà ni wọ́n, pé orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti lo ayé wọn. Irọ́ kọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi kún un ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò máa gbé wọn dìde, èmi sì ni ẹni náà. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà gan-an, wọ́n sì dè mí mọ́lẹ̀. Bí mo bá sọ ọ̀kan tí mo gbé èkejì mì, ẹlòmíràn ni mò ń ṣèrántí, kì í ṣe Ìyá Àgbà tèmi.

Aṣọ pẹpẹ ni wọ́n ń rán. Aṣọ funfun tó ń bo tábìlì pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí níwájú, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń rán an fún ìjọ wa tó wà lẹ́bàá ojú irin, àti fún àwọn ìjọ mìíràn títí dé Ìbafo àti Mowe, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé gbígbé lọ. Maṣíìnì ni wọ́n fi ń rán etí aṣọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà. Orí àga ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pe Ọlọ́run ní “Ìwọ” tàbí “Ó” tàbí “Rẹ̀”, wọn á gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, wọn á tẹ́ aṣọ náà sórí àga, wọn á sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní, wọn á sì kúnlẹ̀ rán lẹ́tà àkọ́kọ́. Lẹ́tà ńlá ni, ó sì máa ń ga ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Tí wọ́n bá ti parí ẹyọ lẹ́tà yẹn, wọn á dìde, wọn á jókòó, wọn á bá iṣẹ́ lọ títí Ọlọ́run yóò tún fi yọjú nínú gbólóhùn.

Mo kéré nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ “o” sí àgbà. Pásítọ̀, “ẹ” ni. Bàbá tó ń ta kẹrosíìnì ládùúgbò wa, “ẹ” ni. Ọlọ́run tó dá gbogbo wọn wá jẹ́ “O”, bí ìgbà tí mò ń bá ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé Ọlọ́run kò dàgbà tó bàbá oníkẹrosíìnì ni. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ń pè ní “ẹ”, pé ńṣe ni a yá a fún àgbà kan ṣoṣo kó lè dà bí ẹni tó pọ̀. “Ọlọ́run ò nílò ká sọ Ọ́ di púpọ̀,” ni wọ́n wí. “Tí ẹnu wa ò bá kúnlẹ̀ fún Un, ọwọ́ wa á kúnlẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹ ó rí i pé “wọ́n” ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, tí Ọlọ́run sì jẹ́ “Ó” pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. N kò lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣí wá láti Èkó ti ń sọ “Ẹ ṣé, Olúwa” nínú àdúrà, àwọn mìíràn ń pè É ní Dádì. Ìyá Àgbà máa ń ṣí ojú kan wò wọ́n láàárín àdúrà. Wọ́n ní àwọn yẹn ń kí I bí ẹni tí ń kí lánlọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìdí abẹ́rẹ́. Ìyá mi wà ní òkè òkun, èmi ni mo sì máa ń bá Ìyá Àgbà tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Ìyá Àgbà á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá parí, wọn á gbé awò ojú wọn wọ̀, wọn á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn á máa wá Ọlọ́run kiri nínú rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé Olúwa yóò fi ojú rere rẹ̀ wo ìyá mi, tí lẹ́tà náà kéré, ó di pé kí n pa á rẹ́ kí n tún un kọ. Mo ní Mọ́mì kò ní í mọ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé tiwọn. Ìyá Àgbà ní: “Má sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀ bí ẹni tí kì í kí ènìyàn.”

Ẹ̀jẹ́ ló wà nídìí ìkúnlẹ̀ náà. Ìyá mi ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí gìrì mú un, ọmọ tí Ìyá Àgbà bí ṣáájú rẹ̀ sì ti kú. Aṣọ pẹpẹ ni wọ́n ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní bí Ó bá dá èyí sí, àwọn kò ní jókòó kọ lẹ́tà Rẹ̀ mọ́ láyé. Ọmọ náà yè, ó dàgbà, ó di ìyá mi. Bàbá mi kú, ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n sì wọ bàálù lọ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tíì padà wá. Ìwé ìgbélùú wọn kò pé, bí wọ́n bá jáde níbẹ̀, wọn kò ní í rí ọ̀nà wọlé mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti wo ìsìnkú ìyá wọn. Mo máa ń gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń dá sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, láìbínú: “Ọmọ tí mo fi orúnkún gbà, bàálù ló gbé e lọ.”

Ìyá Àgbà ga, wọ́n tín-ínrín, wọ́n sì máa ń wé gèlè kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ. Láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni oúnjẹ wọn. Nínú ìkòkò kékeré kan, wọ́n máa ń fi orí ẹja pamọ́ dè mí, wọn kò sì jẹ́ kí àlejò kankan fojú kàn án. Wọ́n lè bínú fún oṣù kan gbáko nítorí ẹni tó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sì lè dárí jì í láàárín ìṣẹ́jú kan, tí onítọ̀hún bá mọ orin tí ohùn kejì rẹ̀ dáa.

Ìjà wọn tó gbóná jù ni ti Pásítọ̀ wa tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ti gbé Mowe rí kí wọ́n tó gbé e wá sí Ifọ̀, ó sì nífẹ̀ẹ́ sí bánà onírọ́bà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Ní ìdúpẹ́ ọdún kan, wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sí iwájú ìjọ, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sì fi kọ “rẹ̀” tí í ṣe ti Ọlọ́run. Ìyá Àgbà yí àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ìsìn fi parí. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ kò rí wọn fín. Ó ní ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó kì í lo lẹ́tà ńlá níbẹ̀ mọ́, ó ní ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n wá ní: “Pásítọ̀, tí mo bá kí yín lórí ìdúró, tí mo ní kí ẹ wo ọkàn mi, ṣé ẹ máa gbà?” Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní í gbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, wọ́n sì ká bánà náà kúrò.

Nígbà tó yá, orúnkún Ìyá Àgbà kọṣẹ́. Wọ́n ṣì lè rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣì lè jókòó, wọ́n lè kúnlẹ̀ pàápàá. Dídìde nílẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yìn wọn ni màá dúró sí, màá ki ọwọ́ bọ abíyá wọn, wọn á ti gìgísẹ̀ wọn mọ́ ẹsẹ̀ mi, a ó mí pọ̀, màá sì gbé wọn. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tín-ínrín tó, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ tán a máa wúwo. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, wọn á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, èmi á sì parí rẹ̀ pé t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́. Nígbà tó ṣe, mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń dáhùn orúkọ ní kíláàsì.

Aṣọ kan lè ní lẹ́tà ńlá púpọ̀. Tí àwọn ìjọ bá mú ọ̀rọ̀ wọn wá, ibi tí wọ́n ti pe Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, kì í ṣe nítorí ìfọkànsìn. Mò ń wo iye ìgbà tí màá gbé Ìyá Àgbà. Ìjọ kan ní Ìbafo mú gbólóhùn kan wá tó kún fún “Ìwọ” láti orí dé ìdí, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Mo lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, òjò dá mi dúró sábẹ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Mo ti ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí màá fi dé. Nígbà tí mo wọlé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá wọn. Lẹ́tà náà ti parí tipẹ́, wọ́n gbé orí lé etí àga, wọ́n ń kọrin lábẹ́ ohùn, èèrà sì ti ń gba ẹsẹ̀ wọn kọjá. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo bú sẹ́kún, mo ń bi wọ́n pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mi ò tètè dé. Ọkàn wọn balẹ̀ ju tèmi lọ. “Mo mọ̀ pé o máa padà wá, Àdùkẹ́,” ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà, n kò rìn jìnnà mọ́.

Mo kàwé o. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ibogun, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn Ibogun, nítorí pé mo lè wọkọ̀ wálé lójoojúmọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ síbí lọ sọ́hùn-ún. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì mọ̀ dájú pé n kò ní í rí ọ̀kan ní Ifọ̀. Ọkọ̀ ojú irin máa ń kọjá lẹ́yìn ilé wa, màá sì dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró títí ariwo rẹ̀ yóò fi tán pátápátá.

Mo ní iṣẹ́ tí mo kọ́ yìí ló máa gbà mí. Mo ya àwòrán irin kan, ọlọ́wọ́ méjì, tí ènìyàn lè dì mú láti ilẹ̀ títí dé òkè. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní oríta, mo dúró tì í títí ó fi jó o pọ̀. Mo dán an wò fúnra mi. Mo sọ ara mi di arọ nílẹ̀ pátápátá, irin náà sì gbé mi dìde. Ìyá Àgbà gbàdúrà lé e lórí, wọ́n gbàdúrà lé èmi náà, wọ́n sì ń fi hàn gbogbo àlejò pé ọmọ ọmọ àwọn ló ṣe é. Wọ́n wá ń sá aṣọ pẹpẹ sí i. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi dì í mú, wọ́n ní: “Irin ò mọ orúkọ mi.”

Pásítọ̀ rí bí nǹkan ṣe rí, ó wá sílé wa. Ó ní Ìyá ti san ẹ̀jẹ́ náà ní àsanlé, pé gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run òun tú wọn sílẹ̀. Ó fi òróró kan orúnkún wọn méjèèjì. Ìyá Àgbà ṣe àmín tó dé òpópónà, wọ́n sì di ọ̀pẹ̀yìnbó fún un lọ. Mo ti ń ronú aṣọ tí màá kó sínú báàgì. Ìgbà tí aṣọ mìíràn dé, a tún bára wa lórí ẹní. Inú bí mi. Mo ní ṣebí Pásítọ̀ ti tú yín sílẹ̀. Wọ́n ní: “Pásítọ̀ kọ́ ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún.”

Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló dè mí, mo lè bá a jà. Ta ló lè bá Ọlọ́run du ìyá àgbàlagbà?

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ omi ní Ìlọrin pè mí síṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n tún pè mí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ rí wọn sì ni aṣọ pẹpẹ kan dé láti Mowe ní kánjúkánjú. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí mo bá ti mẹ́nu ba ìrìn àjò, orí ẹja á wà nínú ìkòkò kékeré, aṣọ á sì wà lórí àga. N kò kà á sí nǹkan kan. Mo rò pé àyànmọ́ ni.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pè mí kẹ́yìn, wọ́n ní bí mi ò bá dé títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, àwọn á mú ẹlòmíràn. N kò sọ fún Ìyá Àgbà. Mo wọ yàrá mi lọ́sàn-án, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbàdúrà bí a ṣe ń gbà á níhìn-ín, pẹ̀lú ohùn. Mo ní kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo ní ó ti sú mi. Mo sọ ọ́ léraléra títí ohùn mi fi há.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ìjọ Ìbafo tó kún fún “Ìwọ” yẹn ló wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bí mo ṣe máa ń dúró. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n dé ibi “Ìwọ”. Wọ́n ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo na ọwọ́ láti bá wọn tẹ́ aṣọ sórí àga, wọn kò dìde. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà wọlé níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ńlá náà lórí àga.

Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ẹ̀rù bà mí fún wọn. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ ò kúnlẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

Wọn kò wò mí. Wọ́n ń rán an lọ. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kéré.

“Ọjọ́ tí Pásítọ̀ fi òróró kàn mí lórúnkún, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti tú mi sílẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo ní bí mi ò bá kúnlẹ̀ mọ́, kí ni Àdùkẹ́ máa dúró ṣe níbí?”

Mo jókòó sórí ẹní. Mo ní gbogbo ìgbà yẹn ńkọ́, gbogbo aṣọ yẹn, gbogbo bí mo ṣe ń gbé yín.

“Ìwọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún,” ni wọ́n wí. “Lẹ́tà Rẹ̀ ni mo fi bojú.”

Ìbínú tó mú mi pọ̀ débi pé n kò lè sunkún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi lónìí. Wọ́n wá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì wo ojú mi.

“Mo gbọ́ àdúrà rẹ lánàá. Ò ń bẹ̀ Ẹ́ kí Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ti ṣí i tipẹ́, Àdùkẹ́. Èmi ni mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.”

Mo lọ sí Ìlọrin. Ọmọ aládùúgbò wa kan wá ń bá wọn gbé, wọn kò sì kúnlẹ̀ mọ́. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi, a ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a kì í sọ ti ọjọ́ yẹn. Ọdún kò yí po kí Ìyá Àgbà tó dágbére fáyé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ní ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí n lè dárí jì wọ́n tán, ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà náà, n kò tíì lè sọ ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ fún.